Omi Ọ̀yán, ìwọ̀fà olówó mẹ́rin

Bí èèyàn bá dé orí dáàmù Ọ̀yán ní ìparí oṣù kẹwàá, tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́, omi ni yóò kọ́kọ́ gbà á lójú: omi tó tẹ́ rẹrẹ títí ojú fi rẹ̀, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn lé lórí, tí ọkọ̀ àwọn apẹja sì dà bí ẹ̀pà tí wọ́n fọ́n sórí ẹní. Fóònù yóò jáde lápò, fọ́tò yóò bẹ̀rẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ojú wá kiri níbi adágún ìbomirin kò lẹ́wà rárá. Rúlà gígùn kan ni, tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ara kọnkéré, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nọ́ńbà tí omi bá fẹnu kàn lára rúlà yẹn ló ń sọ bóyá ẹ̀rọ omi Èkó máa rí nǹkan fà nínú oṣù kẹta, bóyá alátà máa rí ata tà, àti bóyá àwọn tó kọ́lé sí agbègbè Kárà nísàlẹ̀ odò máa sun orí bẹ́ẹ̀dì tàbí orí tábìlì.

Àwọn tó ń kọ̀wé ń pè é ní ìdídò, ẹnu ọjà ń pè é ní dáàmù. Ohùn lásán ló yà á kúrò lára dààmú. Ẹni tí omi bá bá nínú pálọ̀ lóru, ẹ má bá a jà bó bá ṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì pè.

Ọ̀yán wà lára àwọn odò tó ń tú sínú Odò Ògùn, odò Yemọja, tó ń ti òkè Ọ̀yọ́ bọ̀ títí tó fi wọ inú ọ̀sà Èkó. Ibi tí wọ́n ti dí i wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta, bíi 20 kìlómítà sí ìlú Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1983. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ogun-Oshun River Basin Development Authority ló ń bójú tó o. Gígùn ògiri náà lókè jẹ́ 1,044 mítà, gíga rẹ̀ jẹ́ 30.4 mítà. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba 4,000 hẹ́kítà ilẹ̀ nígbà tó bá kún, omi tó sì lè gbà jẹ́ 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì. Mítà kúbíìkì kan ni omi tó kún táńkì dúdú 1,000 lítà kan, irú èyí tó wà lórí òpó nínú ọgbà ọ̀pọ̀ ilé.

Ẹ mú ìṣirò kan sọ́wọ́ ká tó tẹ̀ síwájú. Bí ẹ bá pín 270 mílíọ̀nù yẹn sórí 4,000 hẹ́kítà dọ́gbadọ́gba, jíjìn rẹ̀ kò ní pé mítà 7. Àwo pẹrẹsẹ ni Ọ̀yán, kì í ṣe àmù. Ìwà tí àwo pẹrẹsẹ ń hù ló sì ń hù: oòrùn máa ń rí i mu. Bí oòrùn bá fa mílímítà 5 péré lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí adágún ṣì fẹ̀ dáadáa, 200,000 mítà kúbíìkì ló lọ sójú ọ̀run lọ́jọ́ kan. Ká ní táńkà omi 10,000 lítà ló ń gbé e, 20,000 táńkà ni, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan fáàfù kankan. Ẹ wá fi wé Ìkèrè Gorge lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti dí Odò Ògùn fúnra rẹ̀ láàárín òkè: gíga ìyẹn jẹ́ 47.5 mítà, omi tó lè gbà sì jẹ́ 690 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì. Àmù ni tìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wo omi lásán, kí ó lọ sí Ìkèrè, mi ò ní bá a jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ lóye ohun tí dáàmù ń bá yí ni kí ó wá sí Ọ̀yán.

Ohun tó ń bá yí ni pé olówó rẹ̀ pọ̀ jù. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́, olówó kan ló ń sìn títí wọn yóò fi san gbèsè tán. Ọ̀yán ń sin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ọ̀kan sì fẹ́ ló ń pa èkejì lára. Àwọn ilé iṣẹ́ omi Èkó àti Abẹ́òkúta fẹ́ kí omi máa jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀rùn òun òjò. Àgbẹ̀ kò fẹ́ nǹkan kan nígbà òjò, ó sì fẹ́ gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Iná mànàmáná fẹ́ kí adágún máa ga ní gbogbo ìgbà, torí omi tó já láti òkè ló ń yí ẹ̀rọ. Olówó kẹrin ni ará ìsàlẹ̀ odò, tí kò tilẹ̀ yá ẹnikẹ́ni lówó: òun fẹ́ kí adágún ṣófo kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé, kí àyè lè wà láti gba àgbàrá dúró.

Ti iná ló rọrùn jù láti sọ. Wọ́n gbé tọ́báìnì mẹ́ta, ẹ̀rọ tí omi ń yí láti mú iná wá, síbẹ̀ ní 1983, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹgawáàtì 3, mẹ́sàn-án lápapọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2007, wọn kò tíì fi wọ́n mú iná wá. Ẹ̀rọ tí kò yí kì í wà bí wọ́n ṣe gbé e sílẹ̀. Ọ̀pá àárín rẹ̀ máa ń tẹ̀ síbi tó fẹ̀yìn tì, rọ́bà tó dí omi mọ́ ìta máa ń gan, ọ̀rinrin á sì wọ inú wáyà tí wọ́n wé. Ẹni tó bá fẹ́ jí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún máa tú u palẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó máa tẹ bọ́tìnì.

Ti Èkó ló máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé páìpù ńlá kan ló ti Ọ̀yán lọ sí Èkó. Kò sí páìpù. Omi ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni. Wọ́n á ṣí fáàfù nísàlẹ̀ ògiri, omi á bọ́ sínú ojú odò àtijọ́, á dà pọ̀ mọ́ Odò Ògùn, á gba Abẹ́òkúta kọjá, á sì máa lọ títí dé Akútè, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fà á lọ sí ilé iṣẹ́ omi Adíyàn. Wọ́n kọ́ Adíyàn láti máa ṣe 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi lójúmọ́, èyí tó lé ní 300,000 mítà kúbíìkì. Ojú ọ̀nà yẹn jìn, kò sì sí ẹni tó ṣọ́ ọ. Ilẹ̀ ń mu nínú rẹ̀, oòrùn ń mu, àwọn tó ní ẹ̀rọ afami létí odò ń mu, ìdọ̀tí ìlú sì ń bá a lọ. Nítorí náà, ohun tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Ọ̀yán gbọ́dọ̀ ju ohun tí Akútè fẹ́ gbà lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn odò kéékèèké yòókù bá ti gbẹ, omi tí Ọ̀yán ń tú sílẹ̀ ló ń gbé Odò Ògùn ró.

Ẹ wá sórí ògiri báyìí. Ìlẹ̀kùn omi mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 15, ó ga tó mítà 7. Ibẹ̀ ni omi tó bá pọ̀jù ń gbà jáde. Yàtọ̀ sí wọn, ihò mẹ́ta wà nísàlẹ̀ tí fáàfù ń dí, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.8, àwọn yẹn ló wà fún ìtúsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí mo ń sọ. Ẹ má fojú kéré ìlẹ̀kùn omi. Nígbà tí omi bá kún dé orí ọ̀kan, ìwúwo tó ń tì í lé ní 360 tọ́ọ̀nù, bí ẹni pé tirélà 12 tó ru 30 tọ́ọ̀nù ló fẹ̀yìn tì í. Bí wọ́n bá gbé ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo sókè ní mítà 1 nígbà tí omi kún bẹ́ẹ̀, bíi 100 mítà kúbíìkì ló máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Táńkà ńlá mẹ́wàá nìyẹn kí ojú tó ṣẹ́. Ìdí rèé tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ògiri láti ya fọ́tò lórí àpáta, bó ti wù kí ibẹ̀ gbẹ tó. Àpáta tó gbẹ ní aago méjì lè má gbẹ mọ́ ní aago méjì ààbọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè, ẹ má dúró bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń bá ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ jà ni ìpatà àti igi. Okùn irin tó ń gbé e máa ń dípatà níbi tó ti ń wọ inú omi tó sì ń jáde. Ìtì igi tí àgbàrá gbé wá máa ń há sábẹ́ rẹ̀ kí ó má lè padé tán, rọ́bà etí rẹ̀ sì máa ń ya tí omi á fi máa jò lọ́sàn-án lóru. Ìlẹ̀kùn tí wọn kì í gbé sókè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti dán an wò, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le gan-an ló máa ń ta kú. Iná ìlú kì í sì í sábà wà nígbà tí ìjì bá ń jà, kí jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ ní epo nínú jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná rèé. Òjò wa kì í pín dọ́gba. Ó máa ń le ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á wá padà dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá pẹ̀lú agbára. Òjò kejì yìí ló ń kún Ọ̀yán, torí ilẹ̀ ti mu yó, kò gba omi mọ́, gbogbo ohun tó bá rọ̀ ló ń sáré wọ odò. Agbègbè tó ń darí omi sí adágún náà tó 9,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká fi mílímítà 10 péré lé gbogbo rẹ̀ lórí, ká sì ní ìdajì ló dé odò: 45 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì ni, ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo adágún, látinú òjò alẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹni tó di ìlẹ̀kùn mú wá wà láàárín ọ̀nà méjì. Bó bá ń tú omi sílẹ̀ láti oṣù keje, àyè á wà fún òjò ńlá. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá náà bá kọ̀ tí kò wá, ẹ̀ẹ̀rùn á bá adágún lábọ̀, ilé iṣẹ́ omi á sì máa wá ẹni tó tú omi dànù. Bó bá dá omi dúró títí oṣù kẹwàá, adágún á kún bí a ti ń fẹ́. Ṣùgbọ́n òjò ńlá kan ṣoṣo á fipá mú un ṣí ìlẹ̀kùn gbayawu, nígbà tí Odò Ògùn fúnra rẹ̀ ti kún, tí ọ̀sà náà sì ga tí kò jẹ́ kí omi rí ibi wọ̀. Mókólókì, Ìṣẹrí, Wárẹ́wà, Kárà, Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà yẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi gba Ajégúnlẹ̀ títí àwọn èèyàn fi kó jáde nílé.

Ní tèmi, títú u díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló dára jù. Ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kéré nínú rẹ̀ ń ba owó jẹ́. Ìkún omi ń gbé ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká di ẹbi náà ru ẹni tó di ìlẹ̀kùn mú nìkan. Ilẹ̀ tó tẹ́ létí Odò Ògùn ní Ìṣẹrí, odò ló ni ín kí dáàmù tó dé, ó sì máa ń padà wá gba ohun rẹ̀. Dáàmù lè dín ìkún omi kù, kò lè sọ àkùrọ̀ di òkè. Àǹfààní kan wà tí àwọn ará ìsàlẹ̀ kì í sábà lò: omi ń pẹ́ lọ́nà. Bó bá ń rin mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn 100 kìlómítà máa gbà á ní wákàtí 28. Ẹni tó bá gbọ́ ní àárọ̀ pé wọ́n ti ṣí ìlẹ̀kùn sí i ṣì ní àkókò láti kó firíìjì gun àjà kejì, bí ẹni tó gbọ́ bá rántí sọ fún un.

Ògiri náà ńkọ́? Àwọn àlejò rò pé gbogbo rẹ̀ ni kọnkéré. Ibi ìlẹ̀kùn ni kọnkéré pọ̀ sí. Irú ògiri tó gùn báyìí, erùpẹ̀ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ló máa ń jẹ́ èyí tó pọ̀jù nínú rẹ̀, tí òkúta sì bò ó níwájú kí ìgbì má baà jẹ ẹ́. Ọ̀tá ògiri erùpẹ̀ kì í ṣe ohun ńlá. Ikán ni, òkété ni, gbòǹgbò igi ni, ipa ẹsẹ̀ màlúù ni. Òkété gbẹ́ ihò láti ẹ̀yìn, gbòǹgbò igi tó kú jẹrà ó fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ nínú ilẹ̀, omi wá rí ibi tẹ̀lé. Omi díẹ̀ máa ń sun lábẹ́ ògiri erùpẹ̀ gbogbo, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tí olùṣọ́ ń wò ni àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á fi pákó tàbí irin tí wọ́n gé ní ìrísí V dí ojú ibi tí omi náà ti ń ṣàn, wọ́n á sì máa wọn gíga omi nínú V yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ń mọ́ tó sì wà lójú kan, kò séwu. Bó bá pọ̀ sí i nígbà tí adágún kò ga sí i, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, a jẹ́ pé erùpẹ̀ inú ògiri ló ń bá a jáde, àsìkò àtilọ pe ẹnjiníà nìyẹn láìdúró de ọjọ́ Ajé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí wọ́n gé igi kúrò lára ògiri dáàmù, ẹ má sọ pé wọ́n ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́.

Ó wá ku àgbẹ̀, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pe irú adágún yìí ní ti ìbomirin. Ètò tí wọ́n là kalẹ̀ fún Ọ̀yán ni láti bomi rin 3,000 hẹ́kítà ní ìsàlẹ̀ Odò Ògùn. Ètò náà kò tíì dé ibi tí wọ́n fojú sùn, kì í sì í ṣe omi ni kò tó. Àwọn ẹnjiníà ìbomirin máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn pẹ̀lú lítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún hẹ́kítà kan. Fún 3,000 hẹ́kítà láàárín ọjọ́ 120 ẹ̀ẹ̀rùn, bíi 31 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì nìyẹn. Ká tilẹ̀ ní ìdajì ṣòfò lọ́nà, ká sọ ọ́ di 62 mílíọ̀nù, kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́rin adágún tó kún. Ohun tó ń wọ́n ni kànáà, ojú omi tí wọ́n gbẹ́ lọ sí oko, àti ẹni tó ń tún kànáà ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ètò náà ṣe ń rí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ó dé Kàdáwà ní ìpínlẹ̀ Kánò, níbi tí omi dáàmù Tiga, tí wọ́n parí ní 1974, ti ń rin oko ìrẹsì, tòmátì àti àlìkámà. Omi á ti inú kànáà ńlá bọ́ sí kékeré, á ti kékeré bọ́ sí èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá. Àgbẹ̀ á wá ki ọ̀pá rọ́bà tó tẹ̀ kọdọrọ bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kún, á fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu kan, á sì yára gbé ẹnu yẹn sọ̀ kalẹ̀ sínú poro kó tó ṣí i. Omi á máa fa ara rẹ̀ láìsí ẹ̀ńjìnnì, torí kànáà ga ju poro lọ. Ọ̀pá kan fún poro kan. Nígbà tí omi bá dé ìparí poro, á yọ ọ́, á gbé e lọ sí òmíràn. Ìmọ̀ inú rẹ̀ ni pé kí poro má gùn jù: bó bá gùn jù, ìbẹ̀rẹ̀ á ti rì mọ́ omi kí ìparí tó tutù, ata tó wà lókè á jẹrà, ti ìsàlẹ̀ á rọ.

Àwọn ohun tó ń ba irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ máa ń tẹ̀lé ara wọn. Kànáà tí ẹrẹ̀ àti koríko ti dí á rẹlẹ̀ ní ìbú ọwọ́ kan, ọ̀pá rọ́bà kò ní fa omi mọ́. Ẹni tó wà lórí kànáà á fi òkúta ṣé e kí omi lè ga níwájú oko tirẹ̀, ẹni tó wà ní ìdí á máa wo ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tí omi kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní san owó omi, bẹ́ẹ̀ owó omi ni wọ́n fẹ́ fi kó ẹrẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, kànáà ti di ibi tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá.

Nítorí náà, létí Ọ̀yán àti létí Odò Ògùn, ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbára lé ẹ̀rọ afami onípẹtiróòlù, oní-ínṣì 2 tàbí 3. Ẹ̀rọ yìí ní àṣírí kan tó ti jẹ owó ọ̀pọ̀ èèyàn: kì í fa omi sókè kọjá bíi mítà 7 láti ojú omi dé ibi tó jókòó sí, bó ti wù kí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó. Ó lè tì í jìnnà lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n fífà ni kò lè fà. Ẹ̀bá omi ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ jẹ́ kí páìpù tó ń tì í gùn dípò èyí tó ń fà á. Kí ẹ tó fa okùn rẹ̀, ẹ bu omi kún inú rẹ̀ títí yóò fi kún àkúnya. Bó bá ń hó tí omi kò jáde, ẹ má tíì pe mẹkáníìkì. Ihò afẹ́fẹ́ ló wà lára páìpù ìfà, níbi ìsopọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e pinpin. Ẹnu páìpù tó wà nínú omi gbọ́dọ̀ ní àṣẹ́, kí ẹ sì so ó mọ́ jẹ́ríkàn òfìfo kí ó má baà máa fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀.

Lórí omi fúnra rẹ̀, koríko ni wàhálà. Yorùbá máa ń fi ojúoró ṣàdúrà, pé bó ti ń lékè omi ni kí tiwa máa lékè. Ẹni tó bá ń tọ́jú adágún kò ní ṣe àmín sí àdúrà yẹn. Ojúoró àti àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń bo etí omi, wọ́n ń dí ẹnu páìpù, wọ́n ń wé mọ́ ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀, wọ́n sì ń dáàbò bo ìgbín kékeré kan.

Ìgbín yẹn ló ń gbé àtọ̀sí ajá. Orúkọ náà di ẹ̀sùn ru ajá, ajá kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tó ní àrùn náà bá tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn inú ìtọ̀ rẹ̀ á pa, á wọ inú ìgbín, á sì dàgbà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni aràn wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí á máa jáde sínú omi, pàápàá láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, wọ́n á gba awọ ara wọlé. Kò dìgbà tí èèyàn bá mu omi náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ á máa yọ nídìí ìtọ̀. Ìbàrò, Abúlé Títun, Apójọlá àti Ìmálà Odò wà lára àwọn abúlé etí Ọ̀yán tí àwọn olùwádìí ti bá àrùn yìí. Ìdí kò ṣòro láti mọ̀: odò tó ń sáré kì í jẹ́ kí ìgbín rí ilé kọ́, adágún tó dúró jẹ́ẹ́ ń fún un ní ilé ọ̀fẹ́.

Àlejò tó bá fẹ́ wọ omi, etí tí koríko wà gan-an ni kí ó sá fún, pàápàá lọ́sàn-án gangan, àsìkò tí ooru á sì máa sọ fún un pé kó bọ́ aṣọ. Ọkọ̀ ni kí ó wọ̀, kí ó sì wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó, kí ọlọ́kọ̀ má ṣe sọ fún un pé òun ti ń tukọ̀ láti ìgbà èwe. Ẹni tó bá máa fi omi adágún wẹ̀, kí ó pọn ọ́n sínú ike tó mọ́ láìsí ìgbín nínú rẹ̀, kí ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Aràn náà á ti kú. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n lẹ́yìn ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, kí ó sọ fún dókítà pé òun dé etí adágún. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ọ̀sán ló ń fi í hàn jù, oògùn praziquantel tí wọ́n bá fi ìwọ̀n ara èèyàn wọ̀n ló sì ń wò ó.

Ó ku àsìkò tí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò, oṣù kọkànlá ni, kí ọyẹ́ tó bo gbogbo nǹkan. Ohun ìní ìjọba ni ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó o, ẹ má kàn yọ sí àwọn olùṣọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì méjì àti àpótí orin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbà yín níyànjú oṣù kẹta. Omi á ti sún sẹ́yìn nígbà náà. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, tí ó fi mítà 1 péré rẹlẹ̀ láàárín 100 mítà, bí rúlà bá fi mítà kan wálẹ̀, etí omi ti lọ ní 100 mítà. Àwọn kùkùté igi tí odò bò ní 1983 lè yọrí síta, dúdú, tí ẹyẹ wà lórí wọn. Ẹrẹ̀ tó gbẹ á ti là bí ẹ̀yìn ìjàpá. Láàárín ẹrẹ̀ yẹn, níbi tó ṣì rọ̀ díẹ̀, ẹnìkan á ti gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ìlá sí ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Á ti gbé ẹ̀rọ afami rẹ̀ tẹ̀lé omi lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tó ti gbìn ín, á sì ti ra páìpù kún páìpù. Ẹ wo ìsopọ̀ àwọn páìpù náà dáadáa bí ẹ bá ń kọjá, ẹ ó ka iye ìgbà tí adágún ti sún lára wọn, ẹ ó sì rí rọ́bà inú táyà tó fi wé ọ̀kọ̀ọ̀kan.